Ọwọ́ Mọ́kànlá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ

Mo ra ìwé yìí lọ́wọ́ ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́nu géètì. Òun nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ó ní ṣé n kò ní ra búrẹ́dì mọ́ ọn ni. Mo ní, "Rárá, ìwé nìkan." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Àná, méjì péré ni. Mo ń tẹ̀síwájú.

Oṣù mẹ́ta rèé tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Àárín ọdún ni wọ́n gbà mí wọlé, nígbà tí oníkálukú ti yan ọ̀rẹ́ tán — bí ẹni tó dé ibi àsè nígbà tí wọ́n ti ń fọ abọ́. N kò tíì nawọ́ rí ní kíláàsì. Mo máa ń mọ ìdáhùn o. Ọwọ́ mi ni kì í gbéra, á wúwo bí ọmọ odó. Ẹlòmíì á sọ ohun tó wà lẹ́nu mi, olùkọ́ á yìn ín, èmi á máa mi orí bí ẹni pé èmi ni mo rán an.

Ní ọ̀tunla, àwa ọ̀dọ́ ìjọ ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ síṣẹ́ ìhìnrere ọlọ́sẹ̀ méjì ní abúlé kan. Kí ló mú mi forúkọ sílẹ̀? Wọ́n ń fi ìwé náà ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó kàn mí, ojú sì tì mí láti gbé e fún ẹni kejì lófìfo. Báyìí ni ìpè Ọlọ́run ṣe dé bá mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

A ti dé. Wákàtí mẹ́fà nínú bọ́ọ̀sì, méjì lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Àwa méje. Orí garawa ọ̀dà ni mo jókòó sí. Ìdí mi kò tíì padà bọ̀ sípò.

Olórí wa wà ní ọdún ìkẹyìn. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gágun ni. Ó so fèrè mọ́ ọrùn: ó fọn ọ́n ká wọkọ̀, ó fọn ọ́n ká sọ̀ kalẹ̀, ó fọn ọ́n ká gbàdúrà. Mo ń dúró kó fọn ọ́n kí n tó sín.

Ọmọbìnrin tó jókòó tì mí ni Aláriwo. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò mọ̀. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, ó ti sọ ìtàn ayé rẹ̀ tán. Kí a tó dé òpin ọ̀nà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tèmi. Ó ní ó hàn lójú mi pé àbíkẹ́yìn ni mí. Àkọ́bí ni mí. N kò já a kulẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ abúlé ló mú wa lọ sílé tí a ó máa sùn. Ilé gbọọrọ kan, alámọ̀, onípáànù, òun ló tóbi jù ní gbogbo abúlé. Inú rẹ̀ ṣófo, ó sì mọ́ tónítóní. Òórùn àbẹ́là wà níbẹ̀. Àpá ẹsẹ̀ igi wà nílẹ̀ ní ìlà-ìlà, bí ẹni pé nǹkan kan ti dúró síbẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Lókè ògiri, ìṣó ńlá kan tí kò gbé nǹkan kan dání — Onígìtá, ọ̀kan nínú àwa méje, ti fi gìtá rẹ̀ kọ́ ọ. Níwájú, tábìlì gíga kan tí orí rẹ̀ dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀. A gbé ike omi lé e, ó yọ̀ ṣubú. Aláriwo gbé dígí rẹ̀ lé e, ó yọ̀. Ó ní káfíńtà tó kan tábìlì yìí ti mutí yó. Ó fi òkúta dí i nídìí.

Ọ̀gágun ní àká ni wọ́n ń lo ilé náà fún. Ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bóyá ṣọ́ọ̀ṣì wà ní abúlé. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó ní, "Ibi tí ẹ̀yin bá ti wà náà ni ṣọ́ọ̀ṣì." Ọ̀gágun kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó ní òun á fi wàásù.

A gbé pátákó funfun kan wá tí a kò tíì kọ nǹkan kan sí. Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn la ó kàn án mọ́lẹ̀kùn, bí a bá ti dá ìjọ tuntun sílẹ̀ tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ètò: àárọ̀, a ó máa tún ilé-ẹ̀kọ́ wọn ṣe, a ó sì kùn ún. Ọ̀sán, a ó máa kọ́ àwọn ọmọdé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìwàásù lábẹ́ igi.

Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Ọ̀gágun ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, n kì í sì í sọ̀rọ̀. Ó fún mi ní ìwé ńlá eléèpo pupa kan. Ìwé Ìkórè ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá nawọ́ láti gba Olúwa, kí n kọ orúkọ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ — Ọ̀gágun wàásù. Ó gbóná, òógùn bò ó. Ó ní ta ló fẹ́ fi ayé rẹ̀ fún Jésù? Kó nawọ́ sókè! Ọwọ́ kan kò gòkè. Ewúrẹ́ kan ké. Ojú Ọ̀gágun rí bí ti ẹni tó kiri ọjà kiri títí tí kò tà. Mo mọ ojú yẹn, mo ti rí i nínú dígí.

Ni bàbá arúgbó kan níwájú bá yí ọrùn padà, ó wo àwọn èèyàn ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun náà ló máa ń lu agogo abúlé, irin wíìlì kan tó rọ̀ sára igi. Bàbá Alágogo. Ọwọ́ kan gòkè. Òmíràn. Òmíràn. Mọ́kànlá! Ọ̀gágun sunkún. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ìwé pupa á rin.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo kọ: ìyá kékeré kan, arúgbó, tó fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí. Aránṣọ ni. Abẹ́ àtíbàbà ló ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, ó dojú kọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ọwọ́ mọ́kànlá. Ọ̀gágun kò lè jẹun fún ayọ̀. Mo bá a jẹ tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Òjò. A sá sábẹ́ páànù ilé-ẹ̀kọ́. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wá. Wọ́n wá — àwọn kan pẹ̀lú agboòrùn, ẹnì kan pẹ̀lú ọpọ́n lórí. Ọwọ́ mọ́kànlá. Ẹni tó gbé ọpọ́n fi ọwọ́ kan di ọpọ́n mú, ó fi ọwọ́ kejì gba Olúwa.

Ó di mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Aláriwo ní Ẹ̀mí ń ṣiṣẹ́. Bóyá. Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí mọ ìṣirò gan-an ni o.

Ohun kan tún wà. Ìyá Aránṣọ tún nawọ́. Ó tò dé ọ̀dọ̀ mi, mo gbójú sókè, ó gbójú sókè. Ó sọ orúkọ kan tó yàtọ̀ sí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti àná, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Mo kọ ọ́. Ta ni mí tí màá fi máa bi àgbà léèrè?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Bọ́tìnnì ẹ̀wù mi já. Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ. Mo dúró lẹ́bàá àtíbàbà, mo ń to gbólóhùn pọ̀ nínú ọkàn mi. Ó ní, "Wọlé. Bọ́tìnnì ni. Mo ti rí i látàárọ̀, mò ń retí rẹ."

Kò kàwé. Báwo ló ṣe ń mọ ìwọ̀n oníbàárà? Òwú ni. Oníkálukú ní okùn òwú tirẹ̀ lára ìṣó lẹ́yìn rẹ̀: kókó àkọ́kọ́ ni èjìká, ìkejì ìbàdí, ìkẹta gígùn ẹ̀wù. Ó tó ogójì okùn, kò sì sí àmì kan lára wọn, síbẹ̀ ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò, ó ní, "Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rèé. Ó ti sanra láti ìgbà ìkórè tó kọjá, kókó kejì ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì." Ó fi ìṣó kan tó ṣófo hàn mí. Ti ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín ló tú kókó okùn náà, ó fi òwú rẹ̀ rán aṣọ òkú. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá lọ, á tú u. Ẹni tó bá ṣì wà, okùn rẹ̀ wà.

Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ìwé nìkan ni ẹnu rẹ ń gbé ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Áà! Eyín wà níbẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

A kun ilé-ẹ̀kọ́ tán lápá iwájú, a sì dí páànù ilé tí a ń sùn tó jò lọ́jọ́ òjò. Aláriwo kun irun ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọwọ́ mọ́kànlá. Ìyá Aránṣọ náà ni o. Orúkọ tó sọ lónìí: orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti sin! Ó wò mí tààrà, ó tún un sọ díẹ̀díẹ̀ kí n má baà ṣì í kọ.

Mo ti kọ orúkọ òkú sínú Ìwé Ìkórè. Ọ̀gágun wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé nìkan — márùndínlọ́gọ́ta — ó gbá mi lẹ́yìn, ó ní iṣẹ́ mi dára. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yìn mí láti oṣù mẹ́ta. Mo gbà á. Ó dùn. Ó tún ń já mi nínú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo gbọ́ orin láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìsìn tiwa di aago mẹ́wàá, gbogbo ẹgbẹ́ ṣì ń sùn. Mo jáde. Orin náà ń bọ̀ láti ẹ̀yìn àtíbàbà Ìyá Aránṣọ.

Gbogbo abúlé ló wà níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì, nínú aṣọ mímọ́. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé nínú orin wọn, ohùn ìsàlẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ọlọ. Bàbá Alágogo dúró sẹ́yìn àpótí kan, Bíbélì ńlá wà níwájú rẹ̀, ó ti gbó débi pé wọ́n fi awọ rán ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún "àwọn ọmọ wa tó rìn jìnnà wá." Kí aago méje tó lù, wọ́n ti ṣe tán, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì pamọ́ sẹ́yìn ilé ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí olè.

Aago mẹ́wàá, àwọn náà ni wọ́n jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi níwájú wa. Onígìtá kọ́ wọn ní orin onílà méjì. Wọ́n kọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ orin rí láyé. Bàbá ohùn ìsàlẹ̀ tilẹ̀ ṣì í kọ.

Mo padà sínú ilé. Mo wo àpá ẹsẹ̀ igi nílẹ̀, ní ìlà-ìlà. Bẹ́ǹṣì ni. Mo wo ìṣó ńlá lókè ògiri. Mo wo tábìlì tí orí rẹ̀ dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ — tí dígí Aláriwo wà lórí rẹ̀, tí ìbọ̀sẹ̀ Ọ̀gágun ń gbẹ lára rẹ̀.

Olúwa, dárí jì wá. Inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn la ti ń hanrun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo béèrè. Èmi! Mo sá wọ abẹ́ àtíbàbà, mo ní, "Ìyá, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì yín la wà?" Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ fi ń mì.

Ó ní lẹ́tà tí a kọ ní a ń fẹ́ ilé tó tóbi jù. Èyí tó tóbi jù nìyẹn, ṣé kí àwọn fi wá sínú ilé adìyẹ ni? Ó ní wọ́n kó àgbélébùú kúrò kí a lè máa ṣeré bí ọmọdé ṣe ń ṣeré, kí ẹ̀rù má bà wá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìjọ náà. Bàbá Alágogo àti ọkọ Ìyá tó ti lọ ni wọ́n po amọ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ ńkọ́, ìyá? Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ọ̀gá wa béèrè, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, nítorí pé kò sẹ́ni tí kò tíì gba Jésù níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ dúró, ó ń làágùn, ó ń bẹ̀ wá. Ṣé ká máa wò ó báyìí?" Ni Bàbá Alágogo bá fi ojú pàṣẹ: agbo ilé kan, ọwọ́ kan. Agbo ilé mọ́kànlá ni wọ́n. Wọ́n ń gbà á fún ara wọn lójoojúmọ́, bàbá lónìí, ìyàwó lọ́la, ọmọ lọ́tunla.

Mo ní kí ló dé tí òun fi ń wá nígbà gbogbo?

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ díẹ̀. Ó ní, "Agbo ilé tèmi, èmi nìkan ló kù."

Mo bá a fi òwú sínú abẹ́rẹ́.

Ó ní kí n má sọ fún ọ̀gá wa. "Má dójú tì í, ó ń gbìyànjú." Mo ní n kò ní sọ ọ́. Dídákẹ́ kì í ṣòro fún mi ṣáà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó ti ṣòro.

Láàárọ̀ Ọ̀gágun fún Aláriwo ní ohun tí yóò kọ sára pátákó: orúkọ ìjọ ilé wa, lẹ́yìn náà "Ẹ̀ka Àkọ́kọ́." Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò fi iye ọkàn ránṣẹ́ sí pásítọ̀ wa lórí fóònù. Bí iye náà bá pọ̀, ìjọ ilé yóò rán òjíṣẹ́ kan wá láti máa ṣàkóso. Ní ọjọ́ Àìkú, a ó kan pátákó mọ́ ilẹ̀kùn "àká."

Bàbá Alágogo ńkọ́? Mo mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Bí Ọ̀gágun bá ní ta ló fẹ́ ìjọ tuntun, ọwọ́ mọ́kànlá á gòkè. Wọ́n á fi ìwà rere fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, a ó sì fi ọpẹ́ gbà á.

Bí mo bá sì sọ ọ́? Wọ́n á ní akọ̀wé ló ba iṣẹ́ Olúwa jẹ́. Aláriwo ló ń gba àyè fún mi nídìí ìkòkò oúnjẹ láràárọ̀. Ó máa ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, bọ́ síbí." Kò sẹ́ni tó lu ilẹ̀ fún mi rí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Bí mo bá la ẹnu sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi á kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

N kò sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Èmi nìkan ló wà nínú ilé, mò ń ṣe ẹ̀dà orúkọ. Bàbá Alágogo kan ilẹ̀kùn — ilẹ̀kùn tirẹ̀! Ó ní kí n má bínú, òun ò fẹ́ dí mi lọ́wọ́, òun gbàgbé nǹkan kan síbẹ̀. Ó gbé dígí Aláriwo kúrò lórí tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni gbé ẹyin. Ó ṣí àpótí kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ tí a kò mọ̀ pé ó wà, ó mú ìwé orin kan. Ó fi apá ẹ̀wù nu orí tábìlì náà. Lẹ́yìn náà ó dá dígí padà síbi tó wà gan-an, pẹ̀lú òkúta nídìí rẹ̀.

Pátákó ń gbẹ lára ògiri. Ó kà á, lẹ́tà kan sí ìkejì. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọ yín gún." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Akọ̀wé, bí ẹ bá kàn án tán, ṣé agogo wa á ṣì máa dún? Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Mo la ẹnu. Ẹnu náà là gbayawu, kò sóhun tó jáde. Ó ní kò burú, ó mi orí, ó lọ.

Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo olùkọ́ tó béèrè ìbéèrè tí mo mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Kí n tètè kọ ọ́.

Ìpàdé àárọ̀. Ọ̀gágun ní iye ti di àádọ́fà, ẹ yin Olúwa. Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ kí a tó gbàdúrà? Ó ti gbé fèrè sẹ́nu.

Mo nawọ́.

Mo rí i lókè níbẹ̀, n kò gbà pé tèmi ni. Gbogbo wọn yíjú. Ọ̀gágun ní, "Akọ̀wé? Ṣé inú ń run ọ́?"

Mo ní rárá. Mo ní ẹ wo ilẹ̀. Ẹ wo àpá bẹ́ǹṣì. Ẹ wo tábìlì yẹn, ibi ìwàásù ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ yín kúrò. Mo ṣí Ìwé Ìkórè, mo ka Ìyá Aránṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, pẹ̀lú orúkọ òkú. Mo sọ ti agbo ilé mọ́kànlá. Mo sọ ti agogo. N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó. Ohùn mi kò dúró — bí kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì.

Mo ń retí kí ewúrẹ́ ké. Kò ké.

Ọ̀gágun ní, "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" Mo ní ọjọ́ Ajé. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́rin. Ìwọ náà ń wò mí." Ó bọ́ fèrè lọ́rùn, ó fi í sí àpò, ó jáde. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wò ó fún ọjọ́ mẹ́rin.

Aláriwo dìde, ó gbé dígí rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó fi ìborùn rẹ̀ nu ibẹ̀.

Ọ̀sán: láti orí àkàbà mo rí Ọ̀gágun tó ń lọ sílé Bàbá Alágogo. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, pẹ̀lú ẹ̀wù ọ̀dà rẹ̀. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Mo gbọ́ ẹ̀rín Bàbá. Ó ń pariwo pé, "Dìde, dìde! Ilé tí ẹ dí páànù rẹ̀ tó ń jò, tí ẹ gbá lójoojúmọ́! Nínú oṣù kan, àwa kì í gbá a tó bẹ́ẹ̀!"

Kò sí ìwàásù nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún Ìyá Aránṣọ. Aago márùn-ún, ó ti wà lábẹ́ igi lórí àpótí rẹ̀, ó jókòó, ó múra, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣetán lórí itan.

Mo lọ jókòó tì í. A wo ọ̀nà títí.

Nígbà oúnjẹ mo dúró lẹ́yìn, mo gbé abọ́ mi lọ síbi ògiri. Mo gbọ́ *pàà-pàà* nílẹ̀. Aláriwo. Ó ní, "Bọ́ síbí, jàre. Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta lo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ebi gbọ́dọ̀ máa pa ọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A kó ẹrù wa lọ sínú kíláàsì kan. A fọ ilé Olúwa látorí dé ilẹ̀. A gbé bẹ́ǹṣì padà, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sínú àpá rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń bọ́ sínú bàtà rẹ̀. Bàbá Alágogo gbé àgbélébùú kọ́ ìṣó.

Aláriwo ti ha pátákó, ó tún un kùn. Orúkọ ìjọ wọn ló wà níbẹ̀ báyìí, àti "Ọdún Kọkànlélọ́gbọ̀n." Wọn kò ní pátákó rí. Bàbá wò ó, ó jìnnà sí i, ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka kan lẹ́tà kan, ìka rẹ̀ di búlúù.

Ọ̀gágun kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ó jáde lọ síbi òkè láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìsìn ìkẹyìn, nínú ilé, lórí bẹ́ǹṣì. Orin olóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohùn ìsàlẹ̀ kò ṣì í kọ lónìí. Páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Onígìtá kò ta gìtá rárá, ó kàn la ẹnu.

Bàbá Alágogo wàásù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀, ó wo bẹ́ǹṣì tiwa. Ó ní àwọn ọmọ òun ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ abúlé fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́wàá, òun náà fẹ́ béèrè ẹyọ kan. Nínú ẹ̀yin méje, ta ló ń fẹ́ kí a gbàdúrà fún òun? Kó nawọ́.

Ẹ̀yin ará! Mo wá mọ bó ṣe rí ní apá ibí. Ọrùn gan. Oníkálukú ń wo bàtà.

Ọwọ́ kan gòkè níwájú mi. Ọ̀dà búlúù wà ní èékánná rẹ̀. Ọ̀gágun. Kò wo ẹnikẹ́ni. Mo gbé tèmi sókè — kò wúwo. Aláriwo gbé méjèèjì. Onígìtá. Àwọn mẹ́ta yòókù. Àwa méje pé.

Ni mo bá rí ọwọ́ kẹjọ, ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kékeré, ó dúró ṣánṣán. Bàbá ní, "Ìyá Aránṣọ! Sọ ọwọ́ kalẹ̀, àlejò ni mo ń bá wí!" Ó ní kí wọ́n má bínú, ọwọ́ òun ti mọ ọ́n lára. Gbogbo ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, n kò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín nínú omi yẹn.

Wọ́n gbàdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ wọn wúwo lórí mi, wọ́n sì gbóná.

Lẹ́yìn ìsìn Ọ̀gágun wá bá mi pẹ̀lú Ìwé Ìkórè. Ó ní kí n ṣí ojú ewé tuntun. Ó ní pásítọ̀ béèrè iye lórí fóònù lánàá, òun dá a lóhùn pé kó dúró dọ̀la. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni kí n kọ?" Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kà." Mo kọ ọ́: *Àwọn tó nawọ́ — méje.* Lẹ́yìn náà orúkọ wa, tirẹ̀ ló ṣáájú. Ó kà á, ó gbá mi lẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí kò já mi nínú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mò ń kọ ọ́ lórí garawa ọ̀dà, ọkọ̀ ń mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Aláriwo ti sùn lé mi léjìká. Mo ti sọ fún un pé àkọ́bí ni mí. Ó ní irọ́ ni.

Kí ọkọ̀ tó dé, Ìyá Aránṣọ pè mí sábẹ́ àtíbàbà. Ó ní kí n dúró gbọnrangandan. Ó na òwú láti èjìká dé èjìká mi, ó so kókó. Ìbàdí, kókó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìkérora, ó na òwú dé orúnkún mi, kókó. Mo ní ìyá, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, àyè ò sí láti ránṣọ. Ó ní ta ló sọ fún mi pé òní ni òun fẹ́ rán an? Òun á rán an lọ́jọ́ tí mo bá padà wá wọ̀ ọ́.

Ó yíjú sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí ó wò kó tó nawọ́. Ó fi okùn mi kọ́ ìṣó tó ṣófo yẹn.

Ọkọ̀ fọn fèrè. Bàbá Alágogo ń lu agogo fún wa. Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Aránṣọ, ó gbá mi létí díẹ̀, ó ní kí n máa lọ kí wọ́n má fi mí sílẹ̀. Mo ti dé ìdí ọkọ̀ nígbà tó pariwo láti abẹ́ àtíbàbà, gbogbo ènìyàn gbọ́:

"Akọ̀wé! Bí wọ́n bá tún wá béèrè ọwọ́, agbo ilé mi ti di ẹni méjì!"